#EndSARS: Kí ni SARS, ta ló dá a sílẹ̀, kí ló sì dé tí háṣítáàgì náà ń padà wá lọ́dọọdún?

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹwàá bá ti ń sún mọ́ ogúnjọ́, #EndSARS a tún gbòde kan lórí X, Facebook àti Instagram. Àwọn kan a gbé àwòrán àsíá Nàìjíríà tí ẹ̀jẹ̀ ta sí lára sójú ìkànnì wọn. Àwọn mìíràn a máa bèèrè pé, ṣebí ìjọba ti tú SARS ká, kí lẹ tún ń pariwo lé lórí? Ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020 ti di ẹni tó ní fóònù tirẹ̀ báyìí. Ó mọ háṣítáàgì náà bí ẹní mowó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó sọ ohun tí lẹ́tà mẹ́rin tó wà lẹ́yìn "End" dúró fún, ó lè má rí i sọ.

Àhesọ náà sì pọ̀. Ẹ óò rí ẹni tó ń sọ pé ọdún 2020 ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ óò rí ẹni tó ń sọ pé olóṣèlú kan ló dá háṣítáàgì náà sílẹ̀, ẹ óò sì rí ẹni tó ń fi iye òkú tí kò sí ìwádìí kankan lẹ́yìn rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri. Láàárín ìgbà tí wọ́n dá SARS sílẹ̀ àti ìgbà tí háṣítáàgì náà kọ́kọ́ mì ìgboro tìtì, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀. Inú àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlàyé náà wà.

## Kí ni lẹ́tà mẹ́rin náà dúró fún?

SARS ni ìgékúrú Special Anti-Robbery Squad, ìyẹn ẹ̀ka àkànṣe tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà fi ń gbógun ti àwọn adigunjalè. "End" tó ṣáájú rẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n fòpin sí i. Àmì # ló sọ gbólóhùn náà di ohun tí èèyàn lè tẹ̀, kí gbogbo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sábẹ́ rẹ̀ sì tò jáde. Chris Messina ló kọ́kọ́ dábàá lórí Twitter (tó ń jẹ́ X báyìí), ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007, pé kí wọ́n máa lò ó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2020, ìgékúrú náà da orí àwọn ará òkèèrè rú gan-an. Àrùn Kòrónà ló gbayé kan lásìkò náà, SARS-CoV-2 sì ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún kòkòrò tó ń fà á. SARS náà ni wọ́n pe àrùn èémí mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà ní ìparí ọdún 2002. Lójú ẹni tí kò mọ Nàìjíríà, ó dà bí ẹni pé àwọn ọ̀dọ́ ń wọ́de pé kí àrùn kásẹ̀ nílẹ̀. Ní South Africa pàápàá, SARS ni orúkọ àjọ tó ń gba owó orí. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun fi máa ń fi "ọlọ́pàá" àti "Nàìjíríà" kún ohun tí wọ́n bá kọ, kí ó lè yé ẹni tó ń kà á.

## Ta ló dá SARS sílẹ̀, kí ló sì mú un wá?

Ìjà láàárín ọlọ́pàá àti ṣọ́jà ló mú un wá. Èyí máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, torí wọ́n rò pé ìjọba kàn jókòó lọ́jọ́ kan, ó sì pinnu pé òun fẹ́ ẹ̀ka tuntun.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, lábẹ́ ìjọba ológun, àwọn ọlọ́pàá pa ọ̀gá ṣọ́jà kan, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Rindam, níbi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró nílùú Èkó. Wọ́n mú ọlọ́pàá mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n inú àwọn ṣọ́jà kò rọ̀. Wọ́n tú síta, wọ́n ń wá ọlọ́pàá kiri. Ọlọ́pàá tó rọ́nà sá lọ sá lọ, àwọn kan tilẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ọlọ́pàá lójú pópó Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èkó ìgbà náà mọ ohun tó tẹ̀ lé e: àwọn adigunjalè gba ìlú.

Àsìkò yìí ni Simeon Danladi Midenda, ọ̀gá ọlọ́pàá kan, kó ọlọ́pàá 15 jọ. Wọn kò wọ aṣọ ọlọ́pàá, ọkọ̀ wọn kò sì ní àmì kankan lára, torí bí ṣọ́jà bá dá wọn mọ̀, wọ́n gbé. Wọ́n ń fetí sí rédíò tí àwọn ọlọ́pàá fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ láti mọ ibi tí olè wà, wọn a sì lọ ká wọn mọ́bẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́ta mìíràn tó ń gbógun ti olè ti wà nílẹ̀ kí tiwọn tó dé. Kí wọ́n má baà da tirẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn yẹn ni Midenda ṣe fi "Special" ṣáájú orúkọ náà. Nígbà tí ọlọ́pàá àti ṣọ́jà parí ìjà, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá fi ọwọ́ sí ẹ̀ka náà ní gbangba.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọkàn sí ohun méjì nínú ìtàn yìí: aṣọ ilé, àti ọkọ̀ tí kò ní àmì. Ní ọdún 1992, àwọn méjèèjì ni àwọn ọlọ́pàá náà fi dáàbò bo ẹ̀mí ara wọn. Àwọn méjèèjì yìí kan náà wà nínú ohun tí aráàlú fi sùn wọ́n jù lẹ́yìn náà. Bí ẹnì kan tí kò wọṣọ iṣẹ́ bá dá ọ dúró lọ́nà, tó gbé ìbọn dání, tí ọkọ̀ rẹ̀ kò sì ní nọ́ńbà, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ọlọ́pàá ni àbí olè?

## Báwo ni ẹ̀ka tó ń lé olè ṣe di ohun tí ọ̀dọ́ ń sá fún?

Díẹ̀díẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Èkó nìkan ni SARS wà níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó tàn dé gbogbo ìpínlẹ̀ 36 àti Abuja, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń gbòòrò bó ṣe ń tàn. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ajínigbé kún un, wọ́n fi ti ẹgbẹ́ òkùnkùn kún un, wọ́n sì fi ti jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní yahoo, kún un.

Ibi ọ̀rọ̀ yahoo yìí gan-an ni wàhálà ti le. Adigunjalè a máa gbé ìbọn, ẹni tí wọ́n jà lólè náà a sì lè tọ́ka sí i. Àmọ́ kò sí àmì kankan lára ọmọ yahoo tí èèyàn lè fi ojú rí lójú títì. Àwọn SARS wá ń fi ìrísí mú èèyàn: irun dàdá, ara fínfín, ọkọ̀ tó dáa, fóònù iPhone, báàgì láàpútọ̀ọ̀pù. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí onígbàjúẹ̀ lójú wọn. Wọ́n á gba fóònù rẹ̀, wọ́n á máa ka ọ̀rọ̀ tó bá èèyàn rẹ̀ sọ, wọ́n á sì mú un lọ sídìí ẹ̀rọ ATM kó lọ gbowó fún wọn. Àwọn ẹ̀sùn wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kọ sórí ayélujára léraléra, tí àwọn ìgbìmọ̀ olùwádìí sì wá gbọ́ irú wọn lẹ́nu àwọn tó wá jẹ́rìí.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni ti ìyà nínú àhámọ́. Ní ọdún 2016, àjọ Amnesty International gbé ìwádìí kan jáde nípa bí SARS ṣe ń fìyà jẹ àwọn tó wà lọ́wọ́ wọn. Ó dárúkọ àgọ́ wọn ní Awkuzu, ní ìpínlẹ̀ Anambra, àti ibì kan ní Abuja tí wọ́n ń pè ní Abattoir, torí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran tẹ́lẹ̀ ni. Ní ọdún 2017, Nàìjíríà ṣe òfin tó ka ìfìyàjẹni nínú àhámọ́ sí ọ̀ràn. Síbẹ̀, nígbà tí Amnesty tún gbé ìwádìí mìíràn jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, ìṣẹ̀lẹ̀ 82 ló kọ sílẹ̀ láàárín oṣù Kìn-ín-ní 2017 sí oṣù Karùn-ún 2020. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 18 sí 35 ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

## Ìgbà wo gan-an ni háṣítáàgì náà bẹ̀rẹ̀?

Ọdún 2017 ni. Àwọn èèyàn ti ń kọ ohun tí ojú wọn rí lọ́wọ́ SARS sórí Twitter kí oṣù Kejìlá ọdún náà tó dé, ṣùgbọ́n oṣù náà ni gbogbo rẹ̀ para pọ̀ di ariwo kan. Segun Awosanya, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Segalink, ló wà lára àwọn tó léwájú jù nígbà náà, wọ́n sì kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà pé kí wọ́n fòpin sí ẹ̀ka náà.

Ohun tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ṣe lẹ́yìn náà ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọdún 2020 fi gbóná tó bẹ́ẹ̀ mọ̀ dáadáa.

Ní oṣù Kejìlá 2017, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìgbà náà, Ibrahim Idris, pàṣẹ pé kí wọ́n tún SARS tò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yemi Osinbajo, tó ń delé fún Ààrẹ Muhammadu Buhari lákòókò náà, pàṣẹ àtúnṣe kíákíá. Idris yí orúkọ náà padà sí FSARS, ìyẹn ni pé ó fi "Federal" ṣáájú rẹ̀. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìjọba àpapọ̀, ìgbìmọ̀ náà sì jábọ̀ fún Ààrẹ ní oṣù Kẹfà 2019. Ó ní kí wọ́n lé ọlọ́pàá 37 kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì gbé 24 lọ sílé ẹjọ́. Kí àbọ̀ náà tó jáde, ní oṣù Kìn-ín-ní 2019, ọ̀gá àgbà tuntun, Mohammed Adamu, ti gbé FSARS kúrò lábẹ́ Abuja, ó sì dá a padà sábẹ́ kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2020, Adamu yìí kan náà fòfin de SARS pé wọn ò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró lójú títì mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba sọ ní ọdún 2020 pé òun ti gbọ́, òun ó sì ṣàtúnṣe, etí àwọn ọ̀dọ́ ti gbọ́ ọ títí ó ti sú wọn. Wọ́n ti rí i tí orúkọ yí padà, tí ọ̀gá yí padà, tí àṣẹ tuntun jáde, tí àwọn ọlọ́pàá kan náà sì tún wà lójú ọ̀nà kan náà. Ohun tó fà á nìyí tí wọn kò fi kúrò lójú títì kódà lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti tú SARS ká.

## Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2020?

Fídíò kan ló tan iná ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù náà, fídíò jáde láti Ughelli, ní ìpínlẹ̀ Delta, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ sì ní àwọn SARS ti yìnbọn fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan, wọ́n sì ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí, pé ọmọ náà kò kú. Wọ́n mú ẹni tó ya fídíò náà, ìyẹn sì tún dá kún ìbínú àwọn èèyàn.

Ní ọjọ́ 8, ìwọ́de bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó sì ràn dé Abuja, Ìbàdàn, Port Harcourt, Benin àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn. Ní ọjọ́ 10, ìbọn pa ọ̀dọ́ kan níbi ìwọ́de ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ará ìlú sì fi ẹ̀sùn kan ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ kejì, inú bí àwọn kan débi pé wọ́n ya wọ ààfin Ṣọ̀ún. Ọjọ́ kejì yìí kan náà, ìyẹn ọjọ́ 11, ni Adamu kéde pé òun ti tú SARS ká ní gbogbo Nàìjíríà. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn náà, ó kéde ẹ̀ka tuntun tó máa rọ́pò rẹ̀: SWAT (Special Weapons and Tactics), ìgékúrú tí ó yá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà. Ó ní ẹni tó bá ti wà nínú SARS kò ní sí níbẹ̀. Lójú àwọn tó ń wọ́de, orúkọ ni wọ́n tún yí padà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, bí #EndSWAT sì ṣe jáde nìyẹn.

Háṣítáàgì náà ti kọjá Nàìjíríà nígbà náà. Àwọn olórin àti agbábọ́ọ̀lù láti ilẹ̀ mìíràn dá sí i, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní London àti New York náà jáde síta. Jack Dorsey, tó jẹ́ olórí Twitter nígbà náà, ti ìwọ́de náà lẹ́yìn ní gbangba, Twitter sì ṣe àwòrán ìkúùkù kékeré tó ní àwọ̀ àsíá Nàìjíríà, tó ń jáde fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ #EndSARS.

## Ta ni olórí ìwọ́de náà, kí ni wọ́n sì ń fẹ́?

Wọ́n ní àwọn ò ní olórí. Kì í ṣe pé wọn kò rí ẹni tó tó o ṣe. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá ti pe ìwọ́de, ìjọba a pe àwọn olórí wọn wọlé, a bá wọn sọ̀rọ̀, ìwọ́de náà a sì parí láìsí àbájáde. Bí kò bá sí olórí, kò sí ẹni tí ìjọba máa pè wọlé. Àǹfààní wà níbẹ̀, ewu náà sì wà. Nígbà tí àwọn jàǹdùkú ya wọ àárín wọn, kò sí ẹni tó lè kéde pé ó tó gẹ́ẹ́, ká máa lọ ilé, kí gbogbo èèyàn sì gbọ́ tirẹ̀.

Ohun márùn-ún ni wọ́n kọ sílẹ̀ tí wọ́n ń béèrè: kí wọ́n tú gbogbo àwọn tí wọ́n mú níbi ìwọ́de sílẹ̀, kí àwọn tí ọlọ́pàá pa rí ìdájọ́ òdodo gbà, kí ẹbí wọn sì gba owó gbà-má-bínú, kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ tó dá dúró kalẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá láti wádìí ìwà àwọn ọlọ́pàá, kí wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn SARS tí wọ́n tú ká wò, kí wọ́n sì tún wọn kọ́ níṣẹ́ kí wọ́n tó gbé wọn síbòmíràn, kí wọ́n sì fi kún owó oṣù ọlọ́pàá. Ìkarùn-ún yìí kò gbajúmọ̀ tó àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ó sì fi hàn pé àwọn tó kọ ìwé náà gbà pé ebi wà lára ohun tó ń sọ ọlọ́pàá di agbowó-lójú-ọ̀nà.

Ẹgbẹ́ Feminist Coalition, tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin dá sílẹ̀ ní ọdún 2020, ló ń kó owó jọ fún oúnjẹ, omi, ìtọ́jú àwọn tó fara pa àti lọ́yà fún àwọn tí wọ́n mú. Nígbà tí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba owó ní báńkì dí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba bitcoin. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 náírà ni wọ́n sọ pé ó wọlé. Gbólóhùn Yorùbá kan náà tún gbayé kan láti ojú ìwọ́de yẹn, "Sọ̀rọ̀ sókè", títí tí wọ́n fi ń pe ìran àwọn ọ̀dọ́ náà ní ìran Sọ̀rọ̀ Sókè.

## Kí ló ṣẹlẹ̀ ní too-géètì Lẹ́kkí, kí ló sì dé tí ẹnu kò kò lórí rẹ̀?

Apá yìí ló le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ibẹ̀ sì ni irọ́ ti pọ̀ jù láti ìhà méjèèjì.

Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lé lórí nìyí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde kónílé-ó-gbélé tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì tún sún un sí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, àwọn ṣọ́jà ti dé too-géètì Lẹ́kkí, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ jókòó sí tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè, wọ́n sì yìnbọn. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń fi hàn lórí Instagram bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́.

Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà pínyà. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun kọ́kọ́ sọ lórí Twitter pé ìròyìn èké ni. Lẹ́yìn náà ó gbà pé àwọn ṣọ́jà lọ síbẹ̀, pé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló pè wọ́n. Gómìnà Babajide Sanwo-Olu ní gómìnà kò láṣẹ lórí ṣọ́jà. Ọ̀gágun tó wá jẹ́rìí fún iléeṣẹ́ ọmọ ogun níwájú ìgbìmọ̀ olùwádìí ní ọta tí kì í pààyàn ni wọ́n yìn sójú ọ̀run, ṣùgbọ́n ó gbà pé wọ́n gbé ọta gidi dání pẹ̀lú. Amnesty ní ó kéré tán, èèyàn 12 ló kú ní Lẹ́kkí àti Alausa lọ́jọ́ náà.

Ìgbìmọ̀ tí ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀, tí Adájọ́ Doris Okuwobi jẹ́ alága rẹ̀, jábọ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá 2021. Àbọ̀ náà sọ pé àwọn èèyàn kú ní Lẹ́kkí, ó sì lo ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìpakúpa fún un. Ìjọba Èkó fèsì ní ọjọ́ 30 oṣù náà pé àbọ̀ náà ta ko ara rẹ̀ níbi púpọ̀, pé orúkọ àwọn kan wà nínú àwọn tí wọ́n ní ó kú láìsí ẹ̀rí tó tó. Nínú àbá 32 tí ìgbìmọ̀ náà dá, ìjọba gba 11 wọlé, ó gba 6 pẹ̀lú àtúnṣe, ó kọ ẹyọ kan, ó sì ní 14 kò sí lábẹ́ agbára ìpínlẹ̀, òun yóò fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìjọba àpapọ̀.

Ní oṣù Keje 2023, ìwé kan tún jáde tó fi hàn pé ìpínlẹ̀ Èkó ya owó sọ́tọ̀ láti sin òkú 103 pọ̀. Orí ayélujára gbóná lọ́jọ́ náà pé àṣírí Lẹ́kkí tú. Ìjọba Èkó gbà pé ìwé náà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ó ní òkú àwọn tó kú nínú rògbòdìyàn káàkiri Èkó ni, ní Fagba, Ketu, Ìkòròdú, Orílé àti àwọn ibòmíràn, pé kò sí ti Lẹ́kkí níbẹ̀. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà 103 yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Lẹ́kkí, ibi tó ti wá nìyí. Ìwé náà fúnra rẹ̀ kò sọ pé Lẹ́kkí ni wọ́n kú sí.

## Ṣé gbogbo èèyàn ló fẹ́ kí wọ́n tú SARS ká?

Rárá. Simon Lalong, gómìnà ìpínlẹ̀ Plateau tó jẹ́ alága àwọn gómìnà Àríwá nígbà náà, sọ lẹ́yìn tó rí Ààrẹ Buhari pé SARS ń ran àwọn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ààbò, pé àtúnṣe ló yẹ, kì í ṣe títúká. Ní Àríwá, níbi tí Boko Haram àti àwọn agbébọn ti ń pààyàn, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fẹ́ ni kí ìjọba fi ààbò kún ààbò, wọ́n sì wọ́de tiwọn pẹ̀lú háṣítáàgì #SecureNorth.

Àwọn ọlọ́pàá náà ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn. Lẹ́yìn ọjọ́ 20, àwọn jàǹdùkú dáná sun àgọ́ ọlọ́pàá, ilé tẹlifíṣọ̀n TVC àti iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn The Nation, wọ́n kó ẹrù ní ààfin Ọba Èkó, wọ́n sì sun ọkọ̀ BRT ní Oyingbo. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní ọlọ́pàá 22 ló kú, wọ́n sì ba àgọ́ àti ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá 205 jẹ́. Ààrẹ Buhari sọ ní ọjọ́ 23 pé aráàlú 51, ọlọ́pàá 11 àti ṣọ́jà 7 ló kú. Nọ́ńbà méjèèjì kò bára mu torí pé ìgbà tí wọ́n kà á yàtọ̀. Àwọn tó ṣètò ìwọ́de ní jàǹdùkú kì í ṣe ara àwọn, pé àwọn fídíò kan tilẹ̀ fi hàn níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ gbé jàǹdùkú wá láti tú àwọn ká. Ìjọba ní bó ti wù kó rí, ìwọ́de náà ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Èrò méjèèjì yìí ṣì ń jà títí di òní.

## Ṣé SARS ti parí lóòótọ́?

Lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ SARS nínú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá mọ́ láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 2020. Àwọn ọlọ́pàá tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n pín káàkiri. Ìpínlẹ̀ púpọ̀ gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀. Ti Èkó nìkan pàṣẹ nǹkan bíi mílíọ̀nù 410 náírà fún àwọn tí ẹjọ́ wọn fìdí múlẹ̀.

Àmọ́ bí ọlọ́pàá láti ẹ̀ka mìíràn bá ṣe ohun tí SARS ń ṣe, #EndSARS náà ni àwọn èèyàn ń kọ. Èyí ló ń da ọ̀rọ̀ rú fún ẹni tó bá ka lẹ́tà mẹ́rin náà bí orúkọ ẹ̀ka kan ṣoṣo. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, ó ti di orúkọ fún gbogbo ìwà ìkà tí ọlọ́pàá bá hù, aṣọ yòówù kó wọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé "SARS ti tán" àti ẹni tó ń sọ pé "kò tíì tán" lè máa sọ òótọ́ nígbà kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ka ọlọ́pàá, ẹni kejì ń sọ̀rọ̀ nípa ìwà.

## Kí ló ṣì wà nílẹ̀?

Ẹjọ́ wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ ECOWAS dá ẹjọ́ tí àwọn obìnrin mẹ́ta pè lórí Lẹ́kkí. Ó ní ìjọba Nàìjíríà tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú: ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, ẹ̀tọ́ láti péjọ, àti ẹ̀tọ́ pé kí ìjọba ṣe ìwádìí tó múná dóko. Ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù méjì náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ilé ẹjọ́ yìí kan náà kò gba ẹ̀sùn pé ìjọba tẹ ẹ̀tọ́ wọn sí ẹ̀mí lójú. Ìhà kọ̀ọ̀kan ló ń mú apá tó wù ú nínú ìdájọ́ náà lọ sórí ayélujára, wọn a sì fi ìyókù sílẹ̀.

Àwọn tó wà láhàámọ́ náà wà nílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2023, Amnesty ní ó kéré tán, èèyàn 15 tí wọ́n mú nítorí ìwọ́de náà ṣì wà lẹ́wọ̀n ní Èkó láìtíì gba ìdájọ́, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n mú wọn. Ọ̀rọ̀ tiwọn kì í gbòde kan bíi ti Lẹ́kkí, torí púpọ̀ wọn kò ní ẹni tó máa kọ orúkọ wọn sórí Twitter.

Àwọn tó ń péjọ sí too-géètì ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá kò sì tíì dáwọ́ dúró. Ní ọdún 2021, ọkọ̀ ni wọ́n fi tò lọ síbẹ̀. Ní ọdún 2024, àwọn ọlọ́pàá fi tajútajú tú wọn ká, wọ́n sì mú lára wọn. Ìjọba ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ wọ́de gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọlọ́pàá mọ̀, kí jàǹdùkú má baà tún já a gbà. Àwọn tó ń wọ́de ní òfin Nàìjíríà fún àwọn lẹ́tọ̀ọ́ láti péjọ ní ìrọ̀rùn, pé ìrántí àwọn tó kú kò yẹ kó gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn kàn.